Ìbọn wo ló yẹ ọwọ́ sójà inú ìtàn mi? Bọ́mà, ogun abẹ́lé àti Làìbéríà

Akọ̀wé_Ìjàyè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan lọ́wọ́ lórí ìdílé kan tí ìran mẹ́ta nínú rẹ̀ ti lọ sójú ogun. Bàbá àgbà bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Bọ́mà. Ọmọ rẹ̀ ja ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, dé Monrovia ní 1990. Ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, torí ìbọn kan náà ni gbogbo wọn ń yìn: ó ró "gbàù", ẹnì kan ṣubú, ó parí. Kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbọn wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé? Báwo ni ọta rẹ̀ ṣe tóbi tó, báwo ló ṣe wúwo tó lọ́wọ́ àti léjìká? Mo tún fẹ́ kí ẹ bá mi yanjú ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ènìyàn ń sọ: ṣé lóòótọ́ ni AK ju gbogbo ìbọn yòókù lọ?

Àgbà_Bárékè

Ọmọ mi, ọta ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń ṣìnà. Bí o bá rí i tí wọ́n kọ 7.62×51, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú ọta, ní mìlímítà. Nọ́ńbà kejì ni gígùn kòròfo tó gba ẹ̀tù. FN, ìbọn Bẹ́ljíọ̀mù tí àwa gbé lọ sí Làìbéríà, 7.62 ni. AK tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gbé, 7.62 náà ni. Síbẹ̀ ọta ọ̀kan kò lè wọ inú èkejì, nítorí ti FN jẹ́ 7.62×51, ti AK sì jẹ́ 7.62×39. Mìlímítà 12 tó wà láàárín wọn yẹn, ẹ̀tù ló kún ibẹ̀. Ẹ̀tù yẹn ló ń ti ọta FN jáde ní nǹkan bí mítà 840 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ti AK ń jáde ní nǹkan bí 715. Ọta FN tún wúwo jù ú lọ: ó jẹ́ gíráàmù 9.5, ti AK sì jẹ́ gíráàmù 8.

Mo ti rí eré kan tí sójà wa ti ń tú ọta kúrò nínú mágásíìnì (àpótí ọta abẹ́ ìbọn) AK ọlọ̀tẹ̀, tó ń kì í bọ inú FN tirẹ̀. Má kọ irú rẹ̀ o. Bí ọta FN rẹ bá tán láàárín àwọn tó ń lo AK, àfi kí o gbé AK wọn fúnra rẹ̀.

FN wúwo ju kílò 4 lọ kí a tó kì í ní ọta. Ó gùn ju mítà kan lọ. Mágásíìnì rẹ̀ gba ọta 20. AK gba 30, gígùn rẹ̀ kò tó mítà 0.9, ó sì fúyẹ́ jù ú lọ. Bí ọmọ-ọmọ inú ìtàn rẹ bá ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tàbí tó ń wọ ilé láti yàrá dé yàrá ní Monrovia, gígùn FN yẹn yóò máa kọ́ ògiri. Kọ ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé e rí yóò kà á, yóò sì gbà ọ́ gbọ́.

Ọmọ_Letmauk

Ẹ jẹ́ kí n mú ti Bọ́mà. Bárékè Letmauk ní Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ó sì máa ń dùn mí pé àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ kì í béèrè ibi tí orúkọ náà ti wá. Bọ́mà ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dodan ní Ìkòyí, Arakan ní Àpápá, Myhoung ní Yábàá. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tó gba ìlú Myohaung, tí a ń kọ ní Myhoung níbí, lọ́wọ́ Jàpáànù ní oṣù kìíní 1945. Àwọn bàbá wa gbé orúkọ ojú ogun wá sílé, wọ́n fi sórí ẹnu ọ̀nà bárékè, àwa ń dúró sí bọ́sítọ́ọ̀pù wọn.

Lee-Enfield ni ìbọn bàbá àgbà rẹ. Ọta rẹ̀ ni .303. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ínṣì wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ní mìlímítà ó jẹ́ 7.7. Ìbọn náà tó kílò 4. Ọta 10 ló ń gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kì í, ọta 5 lórí irin pẹlẹbẹ kan, a ó fi àtàǹpàkò tì wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà a ó tún ti 5 mìíràn.

Ohun tí o gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn ni pé ìbọn yìí kì í yìn fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan, sójà yóò gbé ọwọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, yóò fà á sẹ́yìn, kòròfo yóò fò jáde, yóò tì í síwájú, yóò tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó lè yìn ín. Sójà tó gba ẹ̀kọ́ dáadáa lè ṣe gbogbo èyí kí ó sì tún fojú sun ohun tó ń yìn ní ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú kan. Torí náà, bí o bá kọ pé bàbá àgbà "rọ̀jò ọta" lé Jàpáànù lórí, irọ́ ni. Bren ló ń rọ̀jò. Ìbọn arọ̀jò tí ẹgbẹ́ sójà kọ̀ọ̀kan máa ń gbé ni, ó ń gba ọta 30, .303 kan náà sì ni. Bí ti Bren bá ń tán, àwọn tó gbé Lee-Enfield lè tú tiwọn fún un.

Ọ̀rọ̀ wíwúwo tí Bàbá sọ lókè, Bọ́mà ni ibi tó ti hàn jù. Dífíṣọ̀n 81 tó lọ sí àfonífojì Kaladan kò ní ọkọ̀ tó ń kó ẹrù. Orí ni wọ́n fi rù ú. Ọkọ̀ òfuurufú Dakota ń sọ oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ látòkè, àwọn alárùú tó wà nínú ẹgbẹ́ ogun fúnra wọn ń gbé e lórí gba òkè àti odò kọjá. Àpò aṣọ tí wọ́n fi ń kọ́ ọta sí ara gba 50. Ọta .303 kan, pẹ̀lú kòròfo àti ẹ̀tù rẹ̀, tó gíráàmù 25. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọgọ́rùn-ún ọta, kílò 2.5. Nínú òjò Arakan. Lórí òkè tí ẹnì kan ń fi ọwọ́ gun.

Akọ̀wé_Ìjàyè

Ọmọ_Letmauk, Ọlọ́run yóò bù kún yín. N óò tún orí kejì kọ látòkè délẹ̀. Àwọn Jàpáànù ńkọ́? Kí ni wọ́n ń yìn padà?

Ọmọ_Letmauk

Arisaka. Ìyẹn náà ń fẹ́ kí a fa irin rẹ̀ lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan, ọta 5 péré ló sì ń gbà. Oríṣi méjì ló wà lójú ogun lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Type 38 ń lo ọta 6.5×50, èyí tuntun Type 99 ń lo 7.7×58. Ẹ wo wàhálà tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ń pín ọta: ọmọ ogun kan náà, kálíbà (ìwọ̀n ọta) méjì. Type 38 gùn tó mítà 1.28, ọta rẹ̀ sì kéré, kí ọta náà tó jáde ẹ̀tù rẹ̀ ti jó tán nínú ọ̀pá ìbọn. Iná ẹnu rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, èjìká ẹni tó ń yìn ín kì í sì í fara gbá púpọ̀. Nínú igbó Bọ́mà, ó ṣòro láti mọ ibi tí ẹni náà wà. Ẹ lè lo ìyẹn.

Ọdẹ_Òkè_Ògùn

Ẹ kú ìjókòó. Èmi kì í ṣe sójà, ọdẹ ni mí, ìdílé ọdẹ sì ni wọ́n bí mi sí. Mo fẹ́ fi ohun méjì kún un.

Àkọ́kọ́, èéfín. Mo ti ka ìtàn púpọ̀ tí sójà ti ń yìnbọn tí èéfín sì bò ó lójú. Ṣakabùlà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀tù dúdú ni. Gbogbo ìbọn tí ẹ ń sọ níbí ń lo ẹ̀tù tí kì í mú èéfín púpọ̀ wá. Iná ẹnu ìbọn ni kí òǹkọ̀wé wa kọ, pàápàá lóru.

Èkejì, èyí tó ń dùn mí: kí ló ṣe àwọn ológun òde òní tí wọ́n fi ń gbé ọta 5.56? Mo ti rí i. Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo mọ ohun tí ọta ńlá ń ṣe fún ẹran ńlá, mi ò sì gbà pé ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ báyẹn ni ènìyàn fi ń lọ bá ẹni tó fẹ́ pa á.

Ìyá_Ìtàn

Ọdẹ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Ohun tí ẹ sọ yẹn, àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà sọ ọ́ ṣáájú yín, wọ́n sì fi bá gbogbo ayé jiyàn.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ pé .303 lágbára ju ohun tí sójà ń fi ṣe lọ. Jámánì ló kọ́kọ́ fi hàn lójú ogun, nígbà tí wọ́n gbé StG 44 jáde pẹ̀lú ọta kúkúrú 7.92×33. Rọ́ṣíà gba èrò kan náà, wọ́n ṣe 7.62×39. Mikhail Kalashnikov ṣe ìbọn fún un, wọ́n sì gbà á wọlé fún ọmọ ogun wọn ní 1949. Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe tiwọn: ọta mìlímítà 7 tí wọ́n pè ní .280, àti ìbọn EM-2. Ní 1951 ìjọba wọn kéde pé òun ni àwọn yóò máa lò. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà yarí. Wọ́n ní ọta tí kò bá lágbára tó ti tẹ́lẹ̀, àwọn kò fẹ́. Ìjọba Churchill pa EM-2 tì, 7.62×51 sì di ọta gbogbo NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní 1954.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí FN. Dieudonné Saive ló ṣe é ní Bẹ́ljíọ̀mù, ọta kúkúrú ti Jámánì ni ó kọ́kọ́ ṣe é fún, lẹ́yìn náà .280 ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí NATO yàn 7.62×51, wọ́n ní láti tún un ṣe kó lè gba ọta tó lágbára ju èyí tí wọ́n rò lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi FN rọ̀jò, ẹnu rẹ̀ yóò máa gòkè lọ sí ọ̀run. Gẹ̀ẹ́sì yọ rírọ̀jò kúrò pátápátá nínú tiwọn: ẹyọ kan fún ìfà kan.

Ìyẹn kò sì tíì tán. Ní 1952, Norman Hitchman ṣe ìwádìí fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà fúnra wọn. Ó rí i pé ìbọn ọwọ́ sójà kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò kọjá yáàdì 300, àti pé ọta kékeré tí sójà lè gbé púpọ̀ ni yóò ṣe wọ́n láǹfààní. Wọn ò tẹ́tí sí i nígbà náà. Kò tó ọdún 15 sí i, àwọn kan náà tó fi ipá mú Gẹ̀ẹ́sì gba ọta ńlá ti wà ní Vietnam pẹ̀lú M16, ìbọn tó wá láti inú AR-15 tí Eugene Stoner ṣe, tó ń yin 5.56×45. Inú máa ń bí mi tí mo bá dé ibí yìí nínú ẹ̀kọ́ mi, torí sójà tí kò mọ nǹkan kan nípa àríyànjiyàn náà ló gbé kílò tó lé léjìká fún gbogbo ọdún yẹn.

Ní ti bí ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́: ọta M16 ti ìgbà náà kò tó gíráàmù 4, ṣùgbọ́n ó ń jáde ní nǹkan bí mítà 990 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Eré yẹn ni agbára rẹ̀. Tó bá ṣì ń sáré dáadáa nígbà tó wọ ara, ó máa ń yí, ó sì máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Tí eré rẹ̀ bá ti dínkù, bóyá nítorí pé ọ̀nà jìn tàbí pé ọ̀pá ìbọn kúrú, ó lè gba inú ara kọjá láìṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹni tó sọ pé 5.56 burú gan-an àti ẹni tó sọ pé kò ṣe nǹkan kan lè jọ ti ojú ogun kan náà dé.

Rọ́ṣíà náà tẹ̀ lé wọn. Ní 1974 wọ́n gba AK-74 wọlé, ọta rẹ̀ jẹ́ 5.45×39. Nígbà tí wọ́n gbé e wọ Afghanístàn, àwọn tó ń bá wọn jà ní ibẹ̀ pè é ní ọta olóró.

Ọdẹ_Òkè_Ògùn

Ìyá, ẹ ṣeun fún àlàyé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé M16 yẹn ń há mọ́ àwọn sójà lọ́wọ́ ní Vietnam, tí wọ́n ń bá òkú wọn pẹ̀lú ìbọn tí wọ́n ti tú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ọta?

Ìyá_Ìtàn

Òótọ́ ni pé ó há. Ẹ̀bi kálíbà kọ́. Ohun mẹ́ta ló fà á. Wọ́n yí ẹ̀tù inú ọta padà sí oríṣi mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n ti dán ìbọn náà wò tán, ẹ̀tù tuntun náà sì ń mú kó dọ̀tí kíákíá. Wọn kò fi króómù bo inú ihò tí ọta ń jókòó sí, ìpẹtà sì ń mú un nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ náà. Èkẹta ló burú jù: wọ́n sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé ìbọn náà kò nílò nínù púpọ̀, wọn ò sì fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ohun tí wọ́n ó fi nù ún. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà tí Ichord jẹ́ alága rẹ̀ wádìí rẹ̀ ní 1967, wọ́n sì dá àwọn tó wà ní ìdí rẹ̀ lẹ́bi. Nígbà tí M16A1 dé pẹ̀lú króómù, tí wọ́n sì pín ohun ìnùbọn, ìṣòro náà lọ sílẹ̀. Ọta 5.56 kan náà ni o.

Àgbà_Bárékè

Ìyá Ìtàn, ẹ kú làákàyè. Ọdẹ, mi ò ní bá yín jà, torí ibì kan wà tí ẹ ti jàre. Ọta 7.62×51 ń la igi àti ògiri bíríkì kọjá ju 5.56 lọ. Ẹni tó sá sẹ́yìn igi kékeré nítorí FN, kò tíì sá. Ṣùgbọ́n ọta 5.56 kan tó gíráàmù 12, ti FN tó 24. Fún gbogbo ọta kan tí mo gbé, ẹni tó gbé M16 gbé méjì láìfi nǹkan kún ẹrù rẹ̀. Bí ìjà bá pẹ́, ẹni tí ọta rẹ̀ kò tíì tán ló ń sọ̀rọ̀.

SE15_Peckham

Ẹ kú àṣálẹ́ o, láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Lórí ìbéèrè Akọ̀wé pé ṣé AK ló ju gbogbo wọn lọ, ogun kan wà tí mo máa ń tọ́ka sí: ti erékùṣù Falklands, láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà, 1982. Ajẹntínà gbé FN. Gẹ̀ẹ́sì gbé FN, èyí tí wọ́n ń pè ní SLR. Ọta kan náà, 7.62×51. Ohun tó tilẹ̀ yàtọ̀ ni pé FN Ajẹntínà, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Rosario, lè rọ̀jò, ti Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe é. Tó bá jẹ́ ìbọn nìkan ló ń pinnu, Ajẹntínà ni ìbá mókè. Síbẹ̀ ní Goose Green ní ìparí oṣù karùn-ún, ní Mount Longdon ní oṣù kẹfà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gun òkè tọ àwọn tó ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ dè wọ́n, wọ́n sì borí. Ọ̀pọ̀ sójà Ajẹntínà jẹ́ ọ̀dọ́ tí ìjọba kàn pè wọṣẹ́ fún ọdún kan, òtútù àti ebi sì ti mú wọn. Àwọn tó wá bá wọn jẹ́ ẹni tó fi iṣẹ́ ogun ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ní 14 oṣù kẹfà, wọ́n juwọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọta ńlá sì tún ti padà wá. Ní Afghanístàn lẹ́yìn 2001, àwọn jagunjagun ibẹ̀ máa ń dúró lórí òkè kejì, níbi tí 5.56 kì í ti í dé pẹ̀lú agbára. Gẹ̀ẹ́sì ra L129A1 tó ń lo 7.62×51 fún àwọn atamátàsé wọn, Amẹ́ríkà kó M14 àtijọ́ jáde. Ní 2022 Amẹ́ríkà yan ìbọn SIG tuntun tó ń lo 6.8×51. Ẹ wo ohun tí wọ́n san fún un: sójà tó ń gbé mágásíìnì 7 ti M4, ìbọn 5.56 tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ní ọta 210 lára. Pẹ̀lú ìbọn tuntun, mágásíìnì 7, ọta 140. Àríyànjiyàn 1951 ni wọ́n ṣì ń ṣe.

Akọ̀wé_Ìjàyè

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọmọ tó ja ogun abẹ́lé. Mo ti fún un ní AK.

Ìyá_Ìtàn

Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kéré tán ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun. Ní 1967, ọmọ ogun kan náà ló pín sí méjì, nítorí náà ohun tó wà ní ilé ìkóbọnsí ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ gbé. Máàkì Fọ́ọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ìyẹn Lee-Enfield No. 4. Àwọn ọlọ́pàá náà ń gbé e. Ẹ rí i pé ọmọ lè bọ́ sójú ogun pẹ̀lú ìbọn tí bàbá rẹ̀ gbé ní Bọ́mà! Bí bàbá náà bá ṣì wà láyé, tó rí i léjìká ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ tó ń lọ, kò sí ohun tí ẹ nílò láti fi kún un. Lẹ́yìn náà ni FN àti G3 ti Jámánì ń pọ̀ sí i, 7.62×51 ni àwọn méjèèjì. Ilé iṣẹ́ ohun ìjà DICON ti wà ní Kàdúná láti 1964, ilé iṣẹ́ Fritz Werner ti Jámánì ló bá wọn dá a sílẹ̀.

Ní ti Biafra, ọta ni ìṣòro wọn ju ìbọn lọ. Ibi tí wọ́n ti ń rí ìbọn kò dọ́gba, torí náà kálíbà wọn kò dọ́gba. Ẹ ronú kan ọ̀gá tí àwọn sójà rẹ̀ gbé oríṣi ìbọn mẹ́ta, tí àpótí ọta kan ṣoṣo sì dé lóru, tí kò sì bá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn mu. Àìtó yìí wà lára ohun tó mú wọn ṣe bọ́ǹbù tí wọ́n ń pè ní ogbunigwe fúnra wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí ọmọ náà ti jà, Òrè wà. Àwọn ọmọ ogun Biafra dé ibẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1967 lẹ́yìn tí wọ́n gba ìlú Benin kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá wọn padà. Títí di òní, ẹnu wa ṣì ń sọ pé "Ó le kú, ìjà Òrè." Igbó ni ibẹ̀ nígbà náà, ẹni tí ẹ ń yìn kì í jìnnà. Agbára tí FN ní láti dé mítà 600, kò wúlò níbẹ̀.

Ọdẹ_Òkè_Ògùn

Igbó Òrè, èmi mọ irú igbó bẹ́ẹ̀. Ojú kì í ríran dé ogójì mítà. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ju kó rí lọ.

Àgbà_Bárékè

Ọdẹ sọ òótọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti ìró kún un, torí "gbàù" yẹn ń dùn mí láti àárọ̀. Ọta tí mo ti dárúkọ wọ̀nyí ń sáré ju ìró lọ, ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń yìn sí kò kọ́kọ́ gbọ́ ìbọn. Ó kọ́kọ́ gbọ́ ọta tó kọjá létí rẹ̀, "pá!", ó mú, ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ìró ìbọn fúnra rẹ̀ yóò tó dé, ó jìn, ó wúwo. Bí FN bá yìn ní mítà 300, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ló wà láàárín méjèèjì. Sójà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń fi àlàfo yẹn mọ bí ọ̀tá ṣe jìnnà tó. Ẹni tuntun kì í mọ̀, apá ibi tí ọta ti kọjá ni yóò máa wò, ibi tí ìbọn wà ńkọ́? Ó wà níbòmíràn. Fún ọmọ rẹ ní ọ̀gá àgbà kan tó mọ èyí.

Ó wá ku AK. Mo gbà pé ìbọn rere ni. Irin inú rẹ̀ kò há mọ́ra, ẹrẹ̀ àti iyanrìn ń wọlé, ó sì ń yìn. Wọ́n fi króómù bo inú ọ̀pá rẹ̀. Ọmọ tí kò kàwé lè tú u, kó tún un tò. FN ń fẹ́ ìtọ́jú: ọwọ́ gáàsì kan wà lára rẹ̀ tí a ní láti máa yí bí ìbọn bá ti dọ̀tí, ẹni tí kò bá yí i, yóò rí i pé kò jù kòròfo jáde mọ́. Ogun aṣálẹ̀ 1967 ló jẹ́ kí Ísírẹ́lì ríi bí iyanrìn ṣe ń da FN láàmú, wọ́n sì lọ ṣe Galil, èyí tí wọ́n mú lára AK. Ọmọ ogun wa náà ti ń lo Beryl ti Pólándì báyìí, ọta AK, 7.62×39, ló ń yìn.

Ṣùgbọ́n AK ní àléébù tirẹ̀. Irin tí a fi ń tú u sílẹ̀ láti yìnbọn wà ní apá ọ̀tún, ó tóbi, ó sì máa ń ró "kà!" tí a bá tẹ̀ ẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ òru, ọ̀tá gbọ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, rírọ̀jò ló kọ́kọ́ dé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí náà ẹni tí àyà rẹ̀ ń já máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rírọ̀jò. Bí ọta rẹ̀ bá tán, ìbọn náà kò ní sọ fún ọ: yóò padé bí ẹni pé ọta wà nínú rẹ̀, ìwọ yóò fà á, "kẹ́", kò sì ní sí nǹkan kan. FN tiwa, tí ọta bá tán, irin rẹ̀ dúró sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ mọ̀ kí o tó fà á. Mo mọ iyì ìyẹn ju ohun tí mo lè kọ níbí lọ.

Kọjá mítà 300, n óò gbé FN. Nínú ilé, nínú ọkọ̀, nínú igbó tí ojú kì í ríran, n óò gbé AK. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ọ̀kan ló dára jù níbi gbogbo, béèrè ibi tó ti jà lọ́wọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé_Ìjàyè

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ọta mélòó ni kí n kà sí ọmọ-ọmọ náà lára ní Monrovia, kí n má bàa jẹ́ kó yìn ju ohun tó ní lọ?

Àgbà_Bárékè

Fún un ní mágásíìnì 4, kí ọ̀kan wà nínú ìbọn, kí 3 wà lára ìgbànú. Ọta 80 nìyẹn, ó sún mọ́ kílò 2 láìka irin mágásíìnì mọ́ ọn. Ọlọ̀tẹ̀ tó gbé AK pẹ̀lú mágásíìnì 4 ní 120. Jẹ́ kí ó máa yìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa kà á. Tí ẹ̀rù bá bà á tó fi rọ̀jò, ọta 20 inú FN yóò tán kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó pé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò sì ti gba òkè orí ọ̀tá lọ. AK yóò gbé ọta 30 tirẹ̀ dé nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ọwọ́ òsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá mágásíìnì mìíràn, kó fi iwájú rẹ̀ kọ́ ọ kó tó fa ìdí rẹ̀ wọlé. Kọ orí yẹn tán, kí o gbé e síbí kí a kà á.